Ìṣó Kẹrìnlá

Òórùn mẹ́ta ló máa ń pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Sáńgò láàárọ̀: òórùn gọ́ọ̀mù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, òórùn awọ, àti òórùn bísíkíìtì tí wọ́n ń yan ní ilé iṣẹ́ ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìdíròkò. Tí afẹ́fẹ́ bá yí padà, ti bísíkíìtì á lọ, òórùn ike tí wọ́n ń yọ́ á dé, ọ̀fun èèyàn á sì máa ta. Ẹni tí kò bá gbé àdúgbò wa rí á máa bèèrè pé báwo la ṣe ń mí níbẹ̀. Èmi rèé, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń mí in, n kò sì wúkọ́ ju ẹlòmíì lọ. Ìkìrun ni mo ti wá. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, ìkẹta ọ̀hún gan-an n kò parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó o tó fi mí rẹ́rìn-ín, lọ bi àwọn obìnrin láti Sáńgò títí dé Àtàn pé ta ló ń ṣe bàtà gogoro tí èèyàn lè wọ̀ kó fi jó, kó fi sáré, kó fi gun ọ̀kadà. Èmi ni wọ́n máa júwe fún ẹ.

Mò ń sọ èyí kó o lè mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe pé mo ti di ẹlòmíì o. Mo ṣì mọ iṣẹ́ mi, n kò sì ní torí ìbànújẹ́ sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Bàtà gogoro kì í ṣe bàtà pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn gbé sókè. Bí gìgísẹ̀ obìnrin bá ti kúrò nílẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́rin, gbogbo ara rẹ̀ ti ṣí lọ síwájú nìyẹn. Orí oríkèé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa dúró lé láti àárọ̀ dalẹ́. Oníbàtà tí kò bá mọ èyí á kàn kan igi mọ́ ìdí bàtà ni. Èmi máa ń tẹ́ irin pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ kòtò àtẹ́lẹsẹ̀, kí bàtà má baà rọ̀ mọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ nídìí. Mo máa ń gbé igi gogoro náà sí ọ̀gangan ibi tí egungun gìgísẹ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀, kò ní lọ sẹ́yìn, kò ní bọ́ síwájú; tó bá yẹ̀ ní ìwọ̀n èékánná kan péré, orúnkún ló máa jìyà rẹ̀. Mo máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ ìka tó kéré jù, torí òun ni kò lè jà fún ara rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo sì máa ń wọn ẹsẹ̀, nígbà tó bá ti dúró títí tó ti wú. Bàtà tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ òwúrọ̀ ṣe, ẹkún ló máa dà tí oòrùn bá wọ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n òfin méjì ló fi lé mi lọ́wọ́. Bí a bá fẹ́ ṣe bàtà, a máa ń fa awọ lé orí igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní láàsì, a ó sì fi ìṣó wẹ́wẹ́ mẹ́rìnlá há etí awọ náà mọ́ ìdí rẹ̀ títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ. Bó bá gbẹ, a ó fi ẹ̀mú yọ àwọn ìṣó náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mọ́ ọn. Ẹnu ni ọ̀gá mi ní kí n máa kó wọn sí. Bí mo bá ń kàn wọ́n, ẹnu ni mo ti ń mú wọn. Bí mo bá ń yọ wọ́n, ẹnu ni mo ń dá wọn padà sí. Tí mo bá yọ tán, mo máa tu gbogbo rẹ̀ sínú agolo, mo máa kà á. Ó ní ẹnu tó bá kún fún ìṣó kì í sọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá sì sọ̀rọ̀ kì í ṣi ìṣó kà. Òfin kejì rèé: ọwọ́ mi ni kó kọ́kọ́ wọ bàtà kí ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín tó wọ̀ ọ́. Kí n ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí n tẹ ibi gbogbo dáadáa, bí ẹni tó ń wá ẹgbin nínú ìrẹsì.

Màmá oníléèwé wà lára àwọn tí mo kọ́kọ́ ṣe bàtà fún nígbà tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ó ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjù, Àtàn ló sì ń gbé. Ó kúrú, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Tó bá dúró láàárín àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà rẹ̀, wàá wá a tì. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúrú, ọgbọ́n rẹ̀ kò sì kúrú. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó jókòó sórí àpótí mi, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó ní, "Oníbàtà, àwọn òbí tó ń wá bínú sí mi níléèwé ga o. Mi ò lè máa gbójú sókè kí n máa bá wọn jà. Gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn." Mo ní, "Mà, ojú ní ojú ni ẹ máa máa wò wọ́n." Ínǹṣì mẹ́rin ni mo ṣe fún un, n kò sì dín in kù láti ọjọ́ náà.

Fún ọdún mélòó kan, kò sí ẹni tó máa ń ráhùn bíi tiẹ̀. Bàtà tí mo bá ṣe lónìí, á gbé e padà wá lọ́tùnla. "Oníbàtà mi, ọmọ ìka mi ń sunkún o." "Oníbàtà, ó ń gé mi lẹ́yìn bí ọ̀bẹ." Mo máa ń kùn, mo máa ń ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ní ẹjọ́ wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n mo máa ń tún un ṣe, mo sì máa ń kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ká sọ òótọ́, ìráhùn obìnrin yẹn kọ́ mi níṣẹ́ ju ọ̀gá mi lọ. Nígbà tó yá, ìráhùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Lẹ́yìn náà, kò ráhùn mọ́ rárá. Á wọ bàtà tuntun kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, kó, kó, kó, lórí sìmẹ́ńtì, a ò sì ní tún gbọ́ nǹkan kan títí ọdún mìíràn. Kí lo rò pé mo rò? Mo rò pé ọwọ́ mi ló ti pé. Mo ní mo ti dé ibi tí kò sí ẹni tó tún lè wá àléébù sí iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, ó wá kí n pààrọ̀ awọ kékeré tó wà ní ìdí gogoro rẹ̀. Mo bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo dà á dojú dé, òkúta wẹ́wẹ́ kan sì bọ́ sílẹ̀ láti inú rẹ̀. Ó tó ẹ̀wà méjì. Láti ìdíkọ̀ ló ti fẹsẹ̀ rìn wá, kò sì mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ìyá aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan tèmi, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ, pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ọmọ Ìkìrun, iṣẹ́ rẹ ti ga o! Òkúta gan-an ò lè dun èèyàn nínú bàtà rẹ!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá oníléèwé rẹ́rìn-ín jù wá lọ. Mo mú òkúta náà, mo gbé e sórí pákó tí mo ń tẹ́ bàtà sí, mo sì ń fi han àwọn tó bá wá. Ọ̀rẹ́ mi, àìsàn ni mo gbé sójú pátákó, tí mò ń pè é ní ẹ̀rí iṣẹ́ mi.

Ó ń lọ bí ọdún mẹ́rin báyìí tó ní kí n ṣe bàtà aláwọ̀ wáìnì fún ayẹyẹ ìparí ọdún iléèwé òun. Lọ́jọ́bọ̀, gọ́ọ̀mù ti gbẹ, mo jókòó, mò ń yọ ìṣó, mò ń dà wọ́n sẹ́nu bó ṣe yẹ. Mo ti yọ bíi mẹ́jọ nínú ẹsẹ̀ ọ̀tún nígbà tí ọmọge kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì dé, tó gbé bàtà tí mo ṣe fún un lọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ sì le koko.

"Ẹ wò ó sà, bàtà yìí ń pa mí lẹ́sẹ̀."

Ẹnu mi kún fún ìṣó. Mo mi orí. Ìyá aránṣọ ti rí i pé ọ̀rọ̀ ń gùn mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ní sùúrù kó tu ìṣó ẹnu rẹ̀ o, ẹ máa tó gbọ́ ìwàásù."

Mo tu gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. "Bàtà mi kọ́ ló ń pa yín, ẹsẹ̀ yín ni kò tíì mọ bàtà gidi! Ẹ mọ màmá oníléèwé tó wà ní Ìjù? Tiwọn lèyí tí mò ń ṣe lọ́wọ́ yìí. Ínǹṣì mẹ́rin! Ẹ bi wọ́n bóyá ó dùn wọ́n rí. Ẹ wo òkúta yìí." Mo dìde, mo gbé bàtà aláwọ̀ wáìnì náà sókè lórí láàsì rẹ̀, mo sọ ìtàn òkúta látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo fi ìrìn màmá náà hàn wọ́n, kó, kó, kó. Ọmọge náà rẹ́rìn-ín títí. Mo fi igi fẹ bàtà tirẹ̀ díẹ̀ fún un, ó lọ. Mo jókòó padà, orí mi ti wú, mo yọ àwọn ìṣó tó kù, mo lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mọ́ ọn. Èyí tó wà lórí tábìlì ti dà pọ̀ mọ́ ìṣó mìíràn. N kò kà á. Nígbà tó ku kí n fa láàsì jáde, ti òsì yọ wọ̀ọ̀, ti ọ̀tún gan. Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, mo fà á tagbára tagbára, ó dún pẹ́, ó jáde. Mo ní awọ tuntun ni. Mo tẹ́ fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú rẹ̀, mo fi awọ múlọ́múlọ́ bò ó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Ásárì tán nígbà tí màmá oníléèwé dé. Kò tíì jókòó tó ti ń bọ́ èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo gbé ti òsì, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo gbé e fún un. Mo gbé ti ọ̀tún. Ọwọ́ mi ti gbéra. Mo rántí rẹ̀ bí àná: ọwọ́ mi ti gbéra láti wọ inú bàtà náà. Mo wá wo ojú rẹ̀ bó ṣe kún fún ayọ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé èyí kọ́ ló máa ráhùn. Mo gbé e fún un bẹ́ẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ọ̀gá mi ti kọ́ mi pé obìnrin lè purọ́ fún èèyàn torí bàtà tó rẹwà, pé ojú rẹ̀ ni kí n máa wò, kí n fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Kò sí ìrora kankan níbẹ̀.

"Ó ti rí, mà?"

"Bí ẹni tó ń tẹ òwú, oníbàtà mi."

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọmọbìnrin rẹ̀ yọ sí mi, èyí tó ń bá a ṣe iléèwé. Kò bá mi jà. Ó mú bàtà ọ̀tún náà jáde láti inú ọ̀rá dúdú, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní ìyá òun wọ bàtà náà láti àárọ̀ Sátidé títí ayẹyẹ fi parí, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, ó tún wọ̀ ọ́ lọ sí iléèwé lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló rí ẹ̀jẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, tó ń bèèrè pé ta ló da nǹkan sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ti wú, ó ti ń rùn. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀tà.

"Dókítà bi wọ́n pé ìgbà wo ni nǹkan gún wọn, wọ́n ní kò sí nǹkan tó gún àwọn. Dókítà ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti pa iyè ẹsẹ̀ wọn, wọn ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó. Dókítà ní ká mọ̀ bóyá irin ni, àti bóyá ó ti dípẹtà."

Mo ti ọwọ́ bọ bàtà náà. N kò tíì tẹ̀ ẹ́ dáadáa tí ìṣó náà fi gún mi ní ìka, níwájú níbẹ̀, lábẹ́ oríkèé ọmọ ìka kékeré, ibi tí gogoro máa ń da gbogbo ara lé. Mo ké yéè, mo fa ọwọ́ yọ. Ẹ̀jẹ̀ tèmi náà jáde. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni mo fi ọwọ́ kàn án, tí mo fi ké bí ọmọdé. Obìnrin yẹn dúró lé e fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó dúró lé e, ó ń kí àwọn òbí, ó ń pín ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ, ó jó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fóòmù ṣì bo ṣóńṣó ìṣó náà mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni fóòmù ń rẹlẹ̀, tí ìṣó sì ń yọjú. Mo fi ẹ̀mú fà á jáde. Ọ̀kan lára mẹ́rìnlá ni. Mo sọ fún ọmọ náà pé irin ni, kò sì dípẹtà. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá aránṣọ, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, tẹ orí ba lórí ẹ̀rọ rẹ̀, kò wò mí.

Ọmọ ìka méjì ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ilé ìwòsàn náà. Lójú ọ̀nà, mo máa ń tún ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sọ fún ara mi, pé, "Mà, èmi ni. N kò ka ìṣó, n kò ti ọwọ́ bọ bàtà." Bí mo bá ti wọ wọ́ọ̀dù, tí òórùn oògùn bá ti lù mí nímú, ọ̀rọ̀ á fò lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ọmọ kékeré nínú ìbora funfun, gèlè rẹ̀ ṣì wé dáadáa, ó ní, "Oníbàtà mi, ṣé o wá wọn ẹsẹ̀ mi ni? Wọ́n ti bá ẹ dín iṣẹ́ kù o." Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi bojú wo ọsàn tí mo rà wá. Ìwọ náà ti mọ̀ mí báyìí. Èmi tí mo lè fi ẹnu ta bàtà fún ẹni tí kò ní ẹsẹ̀, bí mo ṣe máa ń fọ́nnu tẹ́lẹ̀ nìyẹn. N kò lè sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé kò sí ẹni tó bi mí. Gbogbo wọn ń sọ pé ṣúgà ló fà á. Tí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á kú síbẹ̀, orúkọ mi á sì mọ́. Mo sì dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e padà sí Àtàn, ọmọ rẹ̀ wá sọ fún mi pé ìyá òun fẹ́ bàtà kan, pẹlẹbẹ, fún ẹsẹ̀ òsì tó kù. N kò ṣe ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Awọ àgùntàn tó rọ̀ jù ni mo wá lọ sí Èkó. N kò jẹ́ kí ìṣó kankan kàn án, òwú àti gọ́ọ̀mù nìkan ni. Okùn ni mo fi di awọ náà mọ́ láàsì títí ó fi gbẹ. Nígbà tí mo ṣe é tán, mo fi iwájú ọwọ́ yẹ inú rẹ̀ wò, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi rà á bí ìyá tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara ọmọ gbóná. Mo fi rán ọmọ rẹ̀. N kò lè gbé e lọ fúnra mi.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, fóònù mi dún lọ́sàn-án.

"Oníbàtà, bàtà tó o ṣe yìí ń dùn mí o."

N kò mọ bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Mo kó òòlù àti láàsì sínú àpò, mo gun ọ̀kadà dé Àtàn. Ìdajì ọkàn mi ń bẹ̀rù pé mo tún ti ṣe é ní ibi. Ìdajì ń yọ̀: tó bá ń dùn ún, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan tó kù yìí ṣì gbọ́ nǹkan! A jẹ́ pé wọn ò ní gé ìyẹn. Mo bá a lórí àga ní iwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí, bàtà tuntun náà wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gba ẹsẹ̀ náà sọ́wọ́, mo sì ń tẹ awọ bàtà náà díẹ̀díẹ̀. Ó ń wo ojú ọ̀nà, ó ń sọ fún mi pé òjò ọdún yìí ti pẹ́ jù, ewé àgbàdo tó wà níta ibẹ̀ yẹn ti ń pọ́n. Mo tẹ ọmọ ìka kékeré. Ó ń sọ̀rọ̀ àgbàdo lọ. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́ gidi. Kò mira. Kò mọ̀ pé mo fọwọ́ kan òun.

Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. N kò ka ìṣó lọ́jọ́ náà. Ẹnu ni mò ń fọ́n. Ìgbà tí ẹ dé, ti òsì nìkan ni mo ti ọwọ́ bọ̀. N kò yẹ ti ọ̀tún wò."

Ó ní, "Mo rí ẹ."

"Mà?"

"Mo ní mo rí ẹ. Ọwọ́ rẹ gbéra, ó tún padà sílẹ̀. Ṣebí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo ní oníbàtà mi ti fọkàn tán ara rẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà, dókítà ti sọ fún mi láti ọdún tó ṣáájú pé kí n bọ́ bàtà gogoro sílẹ̀. Mi ò sọ fún ẹ torí mo mọ̀ pé o ò ní ṣe é fún mi mọ́. Ẹsẹ̀ tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ìgbà ọmọge wá dákẹ́ lọ́jọ́ kan, mo lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọpẹ́ ni mo dá, oníbàtà. Ó yá, dìde níbẹ̀ yẹn, nu ojú rẹ, kí o tún bàtà mi ṣe. Ibí yìí ló ti ń dùn mí." Ó sì nàka sí ọ̀gangan ibi tí mo ti fi èékánná tẹ̀ tí kò mira.

Mo bọ́ bàtà náà. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó mọ́ lọ́ọ́lọ́ọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbé e sórí láàsì, mo fi òòlù lù ú jẹ́jẹ́, mo yí i, mo tún lù ú. Mo pẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tó le. Kò gbójú kúrò lára mi. Mo wọ̀ ọ́ padà fún un.

Ó mi orí. "Ẹ̀n-hẹ́n. Ó ti dáa báyìí."

Ó kú nínú ọyẹ́ ọdún yẹn, kí iléèwé tó wọlé padà. Èmi dúró lẹ́yìn pátápátá níbi ìsìnkú, láàárín àwọn ọmọ tó wọ aṣọ iléèwé, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbọ́n iyanrìn nítorí ìdúró ti sú wọn. Mo ṣì ń ṣe bàtà gogoro. Ẹni tó bá ní kí n fi í sílẹ̀ kò mọ ohun tó ń sọ; obìnrin tó kúrú ṣì pọ̀, àwọn tó ga tó ń bínú sí wọn náà sì pọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó wọn ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni báyìí, mo máa ní kó dijú, màá fi fọ́nrán òwú kan ra abẹ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, màá ní, "Ibo ni mo fi kàn?" Àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin kan ní oògùn ni mo ń ṣe sí òun lẹ́sẹ̀, ó dìde lọ. Àwọn méjì ni kò lè dá mi lóhùn títí di ìsinsìnyí. N kò ṣe bàtà fún wọn. Ìyá aránṣọ ló tẹ̀ lé ọ̀kan dé ilé ìwòsàn, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Wọ́n ti yìn mí púpọ̀ ní Sáńgò yìí, n kò sì ní dibọ́n pé ìyìn kì í dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó lémi nìkan, tí ọwọ́ mi wà nínú bàtà ẹlòmíì, tí mò ń tẹ̀ ẹ́ láti ìka dé gìgísẹ̀, ìyìn kan kì í wá sí mi létí. Ohùn rẹ̀ lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo máa ń gbọ́, tó ń fẹjọ́ sùn pé bàtà tí mo ṣe ń dun òun. Irọ́ ni, irọ́ tó fi pè mí wá sọ òótọ́. Kò tíì sí ẹni tó ṣe mí lóore tó bẹ́ẹ̀ rí.